Kí Ẹ Tó Fi Iṣẹ́ Títà Tó Ń Sanwó Déédéé Sílẹ̀

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ẹ ń ta mílíìkì, ṣúgà àti ọṣẹ fún iléeṣẹ́ kan ní Kàbbà, nílẹ̀ Ọ̀kun wa ní ìpínlẹ̀ Kogí. Owó oṣù yín lórí ìwé jẹ́ 145,000 náírà, nǹkan bí 123,000 ló ń wọ báńkì, kì í sì í pẹ́. Iléeṣẹ́ mìíràn tó ń ta ajílẹ̀, irúgbìn àgbàdo àti oògùn apakóríko wá pè yín pé kí ẹ máa bá àwọn tajà láti Kàbbà, gba Mọ̀pà àti Ìsánlú, títí dé Ẹ̀gbẹ̀. Owó oṣù tó dájú níbẹ̀ jẹ́ 80,000. Kọmíṣọ̀n náírà mẹ́rin lórí ọgọ́rùn-ún náírà tí ẹ bá gbà wọlé ló máa kún un. Ọ̀gá tó pè yín ní ẹni tó bá mọṣẹ́ ń mú 350,000 lọ sílé lóṣù.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á fi 350,000 wé 123,000, wọ́n á sì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ti wà ní báńkì, èkejì ṣì wà lẹ́nu ọ̀gá. Èyí tó tún burú jù ú lọ ni àwìn: ọjà tí ẹ gbé fún oníṣọ́ọ̀bù tí kò san, tí wọ́n wá ń yọ owó rẹ̀ lára owó oṣù yín. Òun ló ń ba ilé ẹni tó ń bá iléeṣẹ́ tajà jẹ́ lágbègbè wa, ju kí ọjà má tà lọ. Nítorí náà, bí ẹ ṣe ń ṣírò, ẹ jẹ́ kí ìbéèrè yìí wà lọ́kàn yín: tí oníbàárà kò bá san, àpò ta ni owó náà yóò ti jáde?

Àpẹẹrẹ ni àwọn iye tí a lò. Ẹ mú ìwé àti bírò, kí ẹ fi tiyín rọ́pò wọn.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ iye tí iṣẹ́ ọwọ́ yín ń san ní tòótọ́

Owó tó ń wọ báńkì kọ́ ni gbogbo owó iṣẹ́. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 sọ pé iléeṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ máa fi ó kéré tán 10 nínú 100 owó oṣù sí àpò ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́, kí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ fi 8 kún un. Lórí 145,000, ìyẹn jẹ́ 14,500 láti ọwọ́ iléeṣẹ́ àti 11,600 láti ọwọ́ yín, 26,100 lóṣù, 313,200 lọ́dún. Owó yín ni, bí ọwọ́ yín ò tilẹ̀ tíì tó o. Òfin kan náà ní kí iléeṣẹ́ ṣe ìbánigbófò ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́, tí iye rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín sí owó oṣù ọdún mẹ́ta.

Ẹ wá ro ó pọ̀. 123,000 lọ́nà 12 jẹ́ 1,476,000. Tí wọ́n bá ń fún yín ní 100,000 ní Kérésìmesì, ó di 1,576,000 tó ń wọ ọwọ́. Ẹ fi owó ìfẹ̀yìntì kún un, ó di 1,889,200.

Ẹ má sì rò pé iṣẹ́ tó ti pẹ́ kò lè wó. Ẹ gba ìwé àkáǹtì ìfẹ̀yìntì yín lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú rẹ̀, kí ẹ wò ó oṣù sí oṣù. Ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tí wọ́n bá san owó oṣù ni òfin fún agbanisíṣẹ́ láti fi owó náà ránṣẹ́. Tí oṣù mẹ́ta bá ti kọjá tí kò sí nǹkan níbẹ̀, iléeṣẹ́ ń fi owó yín ra epo ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ tún kíyè sí i tí ọjà bá ń tán nílé ìkẹ́rùsí fún ọ̀sẹ̀ méjì-mẹ́ta, tí awakọ̀ tó lọ kò ní àrọ́pò, tàbí tí wọ́n bá ń sọ pé àwọn fẹ́ pa ilé ìkẹ́rùsí Kàbbà pọ̀ mọ́ ti Lọ́kọ́jà. Bí mẹ́ta nínú ìwọ̀nyí bá pé, iṣẹ́ yín náà ti ń mì, ọ̀nà mìíràn sì ni ẹ ó gbà fi iṣẹ́ méjèèjì wéra.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ tú 350,000 náà palẹ̀

80,000 dájú, ó ku 270,000 tí kọmíṣọ̀n gbọ́dọ̀ mú wá. Kí mẹ́rin lórí ọgọ́rùn-ún tó tó 270,000, ẹ ní láti gba 6,750,000 náírà wọlé nínú oṣù kan. Tí ṣọ́ọ̀bù tó ń ta oògùn oko lójú ọ̀nà yín bá jẹ́ 30, ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ san 225,000 lóṣù náà. Ẹ lọ ka àwọn ṣọ́ọ̀bù náà fúnra yín. Ẹ wo orí pẹpẹ wọn: ọjà ta ni wọ́n ń tà, eruku mélòó ló wà lára ìgò? Ọjọ́ kan lẹ máa fi ṣe é, kò sí ọ̀gá kankan tó lè sọ ohun tí ẹ máa rí lọ́jọ́ náà fún yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ oṣù 12 sórí ìwé. Ojú ọjọ́ ló ń ta ọjà oko. Nílẹ̀ Ọ̀kun, òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin, àgbàdo á wọlẹ̀, koríko á sì bá a hù, nítorí náà oṣù kẹrin sí oṣù keje ni ọjà máa ń yá jù. Oṣù kẹta, ìkẹjọ àti ìkẹsàn-án wà láàárín. Láti oṣù kẹwàá títí dé oṣù kejì, ẹ lè jókòó sí ṣọ́ọ̀bù oníbàárà láti àárọ̀ dé ọ̀sán kí ẹnikẹ́ni má béèrè ajílẹ̀. Ẹni tó bá ń ta símẹ́ǹtì á rí òdìkejì èyí, nítorí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń kọ́lé.

Ẹ jẹ́ ká gbà pé ẹ gba 6,000,000 wọlé ní oṣù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ọjà yá, 3,000,000 ní oṣù mẹ́ta àárín, àti 800,000 ní oṣù márùn-ún tó kù. Kọmíṣọ̀n yín á jẹ́ 240,000 ní oṣù tó yá, 120,000 láàárín, 32,000 nígbà tó dá. Àpapọ̀ rẹ̀ lọ́dún jẹ́ 1,480,000. Ẹ fi owó oṣù tó dájú, 960,000, kún un. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 2,440,000, nǹkan bí 203,000 lóṣù. 350,000 ti lọ.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ yọ owó orí àti owó ojú ọ̀nà

Láti oṣù kìíní ọdún 2026, 800,000 náírà àkọ́kọ́ nínú owó tí èèyàn gbà lọ́dún kò ní owó orí. Lórí 2,200,000 tó tẹ̀lé e, 15 nínú 100 ni ìjọba ń gbà. Kọmíṣọ̀n náà wà nínú owó tí wọ́n ń ṣírò. Nínú 2,440,000, 1,640,000 ni owó orí kàn, ìyẹn jẹ́ 246,000. Ó ku 2,194,000. (Tí ẹ bá ń san owó ilé, ẹ tọ́jú rìsíìtì. Òfin gbà kí ẹ yọ 20 nínú 100 owó ilé ọdún kan kúrò kí wọ́n tó ṣírò owó orí, ṣùgbọ́n iye tí ẹ máa yọ kò gbọ́dọ̀ ju 500,000 lọ.)

Owó epo ọ̀kadà wá ńkọ́, àti táyà, àti owó ìpè? Tí iléeṣẹ́ tuntun kò bá san án, ẹ ka 45,000 fún epo àti àtúnṣe, 10,000 fún fóònù. Ìyẹn jẹ́ 660,000 lọ́dún. Ó ku 1,534,000 lọ́wọ́ yín, tí a bá sì gbà pé wọn kì í san owó ìfẹ̀yìntì, kò sí nǹkan mìíràn. Iṣẹ́ àtijọ́ ń fún yín ní 1,576,000 sọ́wọ́ àti 313,200 sí ìfẹ̀yìntì.

Ṣùgbọ́n tí iléeṣẹ́ tuntun bá gbà láti san epo àti fóònù, 2,194,000 dúró síbẹ̀, ó sì fi 304,800 ju iṣẹ́ àtijọ́ pẹ̀lú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lọ. Owó epo àti owó ìpè nìkan ló yí ìdáhùn padà. Ọ̀pọ̀ ló ń dúnàádúrà lórí owó oṣù tí wọn kì í béèrè ọ̀rọ̀ epo rárá.

Ẹ má fọkàn sí i pé ẹ ò ní rìn púpọ̀ nígbà tí ọjà dá. Ìgbà yẹn gan-an lẹ máa ń rìn kiri gba gbèsè.

Ìgbésẹ̀ 4: Ta ló máa gbé gbèsè?

Oníṣọ́ọ̀bù tó ń ta oògùn oko kì í sábà sanwó lọ́wọ́ kan. Ó ń kó ọjà ní oṣù karùn-ún, ó ń tà á láwìn fún àgbẹ̀ tó ní òun á san tí òun bá kórè. Tí òjò bá dá, tàbí tí màlúù bá wọ oko, àgbẹ̀ ò ní rówó san fún oníṣọ́ọ̀bù, oníṣọ́ọ̀bù ò ní rówó san fún yín, iléeṣẹ́ á sì kọ ọ́ sí yín lọ́rùn. Nínú ìṣirò wa, gbogbo owó ọjà ọdún kan jẹ́ 37,000,000. Tí náírà méjì péré nínú ọgọ́rùn-ún bá bọ́ sọ́nù, 740,000 ni. Ìdajì kọmíṣọ̀n ọdún yín nìyẹn.

Nílẹ̀ wa, ó tún lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń tajà ní ìlú àjèjì lè dúró lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè kó pariwo. Lójú ọ̀nà Kàbbà sí Ẹ̀gbẹ̀, ìyá oníṣọ́ọ̀bù yẹn lè jẹ́ àbúrò ìyá yín, tàbí àna ẹ̀gbọ́n yín, tàbí ẹni tó jẹ́ olórí àwọn ìyá nínú ìjọ yín. Á ní, "Ọmọ mi, gbé páálí mẹ́wàá sílẹ̀, tí n bá ta kajú, màá san." Ojú á tì yín láti sọ pé rárá. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé kí ẹ jẹ́ kí iléeṣẹ́ fi òpin sí àwìn ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ lè fi ìwé náà han ìyá náà. Iléeṣẹ́ ló sọ pé kò gbọ́dọ̀ kọjá 150,000. Ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó máa bínú sí yín nílé.

Ẹ béèrè ìbéèrè wọ̀nyí lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tuntun, kí ẹ sì gba ìdáhùn lórí ìwé:

– Ta ló ń fọwọ́ sí i pé kí oníbàárà kan gba àwìn? Tó bá jẹ́ pé ọ̀gá ló fọwọ́ sí i, kí ló dé tí gbèsè á fi jẹ́ tiyín?
– Ọjọ́ mélòó ni oníbàárà ní láti fi san, kí sì ni wọ́n máa ń ṣe tó bá kọjá rẹ̀?
– Ṣé wọ́n ń yọ gbèsè tí wọn kò rí gbà lára owó oṣù tó dájú, tàbí lára kọmíṣọ̀n nìkan?
– Tí adigunjalè bá gba owó ọjà lọ́wọ́ yín lójú ọ̀nà, ta ló ni àdánù náà?

Ìbéèrè kẹrin yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà lójú ọ̀nà wa. Ẹ yàn pé kí oníbàárà máa fi owó ránṣẹ́ tààrà sí àkáǹtì iléeṣẹ́, kí ẹ máa gba rìsíìtì nìkan. Iléeṣẹ́ tó bá ta kú pé àfi kí ẹ máa gbé owó lápò láti Ìsánlú wá sí Kàbbà ń fi ẹ̀mí yín ṣòwò. Ẹ kọ̀ ọ́.

Òfin Iṣẹ́ ní Nàìjíríà kò gbà kí agbanisíṣẹ́ máa dédé yọ owó àdánù lára owó oṣù. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ àdánù tí ìwà àìdáa tàbí àìbìkítà òṣìṣẹ́ fà, kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀ràn iṣẹ́ sì ti fọwọ́ sí i lórí ìwé. Gbogbo owó tí wọ́n bá yọ lóṣù kan kò sì gbọ́dọ̀ ju ìdá mẹ́ta owó oṣù náà, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́ta. Òṣìṣẹ́ tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ àti akọ̀wé ni òfin náà dìídì ń bá wí, nítorí náà ẹ má fi í nìkan ṣe ààbò. Ẹ kọ ìdá kan nínú mẹ́ta yẹn sínú ìwé àdéhùn yín.

Ìgbésẹ̀ 5: Oníduúró

Iṣẹ́ tó ń fa owó ńlá sábà máa ń béèrè oníduúró méjì. Láàárín wa, ẹ̀gbọ́n bàbá tó ti fẹ̀yìn tì nídìí tísà ni, tàbí pásítọ̀, tàbí ẹ̀gbọ́n tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Lọ́kọ́jà. Wọn kì í ka ìwé náà. Wọ́n á ní, "Ọmọ wa ni," wọ́n á fọwọ́ sí i.

Ẹ bá wọn kà á. Tí ìwé náà bá sọ pé oníduúró máa san "gbogbo àdánù" láìsí iye kan, ẹ ní kí iléeṣẹ́ kọ iye tí kò gbọ́dọ̀ kọjá, fún àpẹẹrẹ 300,000, àti ọjọ́ tí ìdúró náà máa parí. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ pé ọjọ́ tí ẹ bá kúrò níbi iṣẹ́ tí ìṣirò yín sì pé, wọ́n á fún oníduúró ní lẹ́tà ìtúsílẹ̀. Iléeṣẹ́ tí kò bá gbà láti ṣe gbogbo èyí ti sọ fún yín ibi tó fẹ́ kí gbèsè rẹ̀ sùn sí: ilé ẹ̀gbọ́n bàbá yín.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ wádìí iléeṣẹ́ náà

Ẹ wá orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà RC rẹ̀ (nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀) lórí íntánẹ́ẹ̀tì Àjọ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ síbi ìkẹ́rùsí wọn láìsọ tẹ́lẹ̀, kí ẹ bá àwọn tó ń já ẹrù sọ̀rọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ẹni tó ń wá tajà iléeṣẹ́ yìí fún wọn lọ́dún tó kọjá. Ẹ wá ẹni náà rí. Bí ẹni mẹ́ta bá ti lo agbègbè kan láàárín ọdún méjì, ẹ̀bi kì í ṣe tàwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Fún ọjà oko, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára ìgò. NAFDAC fòfin de oògùn apakóríko méjì: paraquat láti oṣù kìíní ọdún 2024, àti atrazine láti oṣù kìíní ọdún 2025. Tí èyí tó ń tà jù fún iléeṣẹ́ náà bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, kọmíṣọ̀n tí wọ́n ń sọ fún yín kò ní pẹ́, ẹ̀yin tí wọ́n bá ká ọjà mọ́ lọ́wọ́ lójú ọ̀nà ni wọ́n á kọ́kọ́ mú.

Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù, owó ẹ̀kọ́ṣẹ́, tàbí kí ẹ kọ́kọ́ ra ọjà kí wọ́n tó gbà yín, ẹ̀yin gan-an ni oníbàárà rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 7: Ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́

Owó oṣù tó dájú àti ọjọ́ tí wọ́n ń san án. Iye kọmíṣọ̀n, àti ìgbà tó di tiyín: nígbà tí ọjà kúrò ní ìkẹ́rùsí ni, àbí nígbà tí owó wọlé? Ìlú tó jẹ́ tiyín, kí wọ́n má baà fi ẹlòmíì sí Mọ̀pà nígbà tí ẹ bá ti là á. Tágẹ́ẹ̀tì (iye ọjà tí wọ́n retí kí ẹ tà), àti ìgbà tí wọ́n lè yí i padà. Epo, fóònù, owó ìfẹ̀yìntì. Àwìn àti gbèsè bí a ṣe sọ lókè. Kọmíṣọ̀n ọjà tí ẹ ti tà tí owó rẹ̀ kò tíì wọlé tí ẹ bá fẹ́ lọ.

Ẹ kíyè sí i tí wọ́n bá ń fún yín ní kọmíṣọ̀n nìkan. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin sọ ní 2024 jẹ́ 70,000, ìjọba Kogí sì fọwọ́ sí 72,500 lọ́dún kan náà. Ṣùgbọ́n òfin náà yọ ẹni tó ń gba kọmíṣọ̀n nìkan sílẹ̀, ó sì yọ iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Kò sí ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín nígbà náà.

Ìgbésẹ̀ 8: Owó ìpamọ́ àti oṣù tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀

Tí ilé yín bá ń ná 110,000 lóṣù, tí ẹ sì ń san epo fúnra yín, oṣù tí ọjà dá máa mú 80,000 àti 32,000 wá, á yọ 55,000: ó ku 57,000, kí owó orí tó kàn án. Ó ku 53,000 lóṣù tí ẹ máa wá. Fún oṣù márùn-ún, 265,000 ni. Ẹ fi owó oúnjẹ oṣù méjì, 220,000, kún un, nítorí kọmíṣọ̀n àkọ́kọ́ sábà máa ń pẹ́. Láìsí nǹkan bí 485,000 nípamọ́, tí kì í ṣe owó àjọ tí ẹ ti ná, ẹ dúró díẹ̀ ná.

Tí wọ́n bá pè yín ní oṣù kẹwàá, ẹ bẹ̀ wọ́n kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì tàbí oṣù kẹta. Ìgbà yẹn kajú ti ń jáde, owó wà lọ́wọ́ àgbẹ̀, gbèsè àtijọ́ ń wọlé, òjò sì kù díẹ̀. Tí wọ́n bá ní dandan ni oṣù kẹwàá, ẹ béèrè kí wọ́n fi 120,000 dúró fún kọmíṣọ̀n yín lóṣù fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, yálà ọjà tà tàbí kò tà.

Èrò tiwa: tí iléeṣẹ́ bá gbà láti san epo, tó fi òpin sí àwìn, tí kò so gbèsè mọ́ owó oṣù tó dájú, ẹ lọ, àgàgà tí ẹ kò bá tíì ní ọmọ tó ń lọ síléèwé. Tí kò bá gbà lórí ọ̀rọ̀ gbèsè, ẹ má lọ, kódà tó bá sọ owó oṣù di 120,000.

Ìgbésẹ̀ 9: Bí ẹ ṣe máa kúrò

Ìwé ìgbanisíṣẹ́ tuntun tí wọ́n ti fọwọ́ sí gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó sọ̀rọ̀ rárá. Ẹ wo ìwé àdéhùn àtijọ́ fún iye ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sọ tẹ́lẹ̀. Bí kò bá sọ ọ́, Òfin Iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan fún ẹni tó ti lo ju oṣù mẹ́ta lọ ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì fún ọdún méjì sí márùn-ún, oṣù kan fún ẹni tó ti pé ọdún márùn-ún. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà.

Lẹ́yìn náà, ẹ yí ká gbogbo oníbàárà àtijọ́ pẹ̀lú ẹni tó máa rọ́pò yín. Kí oníbàárà kọ̀ọ̀kan kọ iye tó jẹ, kó fọwọ́ sí i, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i. Ẹ ka ọjà tó wà lọ́wọ́ yín níwájú akọ̀wé, kí ẹ gba lẹ́tà pé ẹ kò jẹ gbèsè, àti lẹ́tà ìtúsílẹ̀ fún oníduúró. Àkáǹtì ìfẹ̀yìntì yín kò yí padà: nọ́ńbà kan náà lẹ máa fún iléeṣẹ́ tuntun.

Níbi iṣẹ́ tuntun, ẹ ní ìwé kékeré kan: ọjọ́, orúkọ ṣọ́ọ̀bù, ọjà tó kó, owó tó san, nọ́ńbà rìsíìtì. Ní ìparí oṣù, ẹ fi í wé ìṣirò kọmíṣọ̀n wọn. Tí wọn kò bá dọ́gba, ẹ kọ̀wé lọ́sẹ̀ náà gan-an, kí ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Ilé Ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ iṣẹ́ wà ní Lọ́kọ́jà, ìwé kékeré yẹn àti ẹ̀dà lẹ́tà náà sì ni agbẹjọ́rò máa kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ yín.